Ẹjọ́ Haruhi Létí Òkun

Géńdé kan di ọmọbìnrin kan mú lórí àpáta, ó jù ú sínú òkun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí i, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ́ tẹ̀lé e, ó sì gbé e jáde. Omi ṣì ń ro tó-tó-tó lára àwọn méjèèjì tí olùgbàlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Ọmọbìnrin náà ní òun dúpẹ́ tó wá yọ òun, àmọ́ òun ò rí ibi tí òun ti jẹ̀bi. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá fárí, ó ní kò sí ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì mọ́, àfi ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà bá gbà pé òun ṣe ohun tí kò dáa.

Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nínú apá kẹjọ Ouran High School Host Club, ánímé (eré àwòrán) tó jáde ní Jàpáànù lọ́dún 2006. Ó ti pẹ́ o. Síbẹ̀, kó àwọn tó fẹ́ràn eré yìí jọ sójú kan, kí o dárúkọ etíkun, kí o wá wo bí ilé ṣe máa pín.

Èmi alára ti wo apá yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn Tamaki, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bẹ́ sómi yẹn, ni mo wà gbọin-gbọin. Nígbà kejì, àbúrò mi obìnrin jókòó tì mí, ìbéèrè kan ṣoṣo tó bi mí ló da gbogbo ohun tí mo ń rò rú. Nígbà kẹta, ìwé àti bírò ni mo fi jókòó, torí mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ kí ni, àti ohun tí ẹnì kejì fi dá a lóhùn. Ohun tí mo rí nìyí.

Bí ọmọ mẹ̀kúnnù ṣe di ọkùnrin

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: Haruhi Fujioka, ọmọbìnrin tí wọ́n jù sómi, jẹ́ ọmọ mẹ̀kúnnù láàárín àwọn ọmọ olówó tó ń lọ sí ilé ìwé Ouran. Ọpọlọ ló fi wọlé, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un. Lọ́jọ́ kan, ó ń wá ibi tó pa rọ́rọ́ tó ti lè kàwé, torí ariwo ò jẹ́ kó gbádùn àwọn yàrá ìkàwé ilé ìwé náà. Ló bá ṣílẹ̀kùn yàrá orin kẹta. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà, àwọn Host Club, ló bá níbẹ̀, ewé òdòdó róòsì ń fẹ́ kiri. Níbi tó ti fẹ́ sá jáde ló ti gbá ìkòkò òdòdó kan. Kí ìkòkò yẹn tó ṣubú, ọfà atọ́nà tó ń ṣẹ́jú ti ń tọ́ka sí i lójú àwòrán, bí ẹni ń sọ pé ẹ wò ó, wàhálà tó ń bọ̀ nìyẹn. Mílíọ̀nù 8 yẹ́ẹ̀nì ni owó rẹ̀.

Gbèsè dé nìyẹn. Irun Haruhi wà ní gígé, torí ọmọ àdúgbò kan tó lẹ ṣíńgọ́ọ̀mù mọ́ ọn lórí. Awò ojú rẹ̀ tóbi, aṣọ ọrùn rẹ̀ kò jọ ti obìnrin. Ọkùnrin ni wọ́n pè é, kò sì jiyàn. Wọ́n ní kó wá di host lọ́dọ̀ àwọn kó fi san gbèsè.

Ẹni tó bá mọ Kabukichō ní Shinjuku, ní ìlú Tokyo, á ti mọ ohun tó ń jẹ́ host. Ilé fàájì ni, obìnrin á sanwó, ọkùnrin arẹwà á jókòó tì í, á máa bu ọtí fún un, á máa yìn ín. Bisco Hatori, obìnrin tó ya ìtàn náà sínú ìwé ìròyìn LaLa láti 2002 sí 2010, tó fi di ìdìpọ̀ 18, mú ilé fàájì yẹn, ó yọ ọtí kúrò, ó gbé tíì àti kéèkì síbẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ wọ ilé ìwé.

Àwọn ará Jàpáànù ní orúkọ fún irú ìtàn báyìí: gyaku hāremu. Ẹ rántí ilé olórogún, ọkọ kan, ìyàwó rẹpẹtẹ, kí ẹ wá dojú rẹ̀ délẹ̀. Obìnrin kan ló wà láàárín, àwọn ọkùnrin ló ń ṣe orogún yí i ká. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní àṣà tirẹ̀. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní ìwà kan tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, bó pẹ́ bó yá, kálukú á gba ọmọbìnrin náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Ouran, ìwà yẹn ti di ọjà lórí àtẹ. Tamaki Suoh, olórí ẹgbẹ́, ń ta ìṣe ọmọ ọba. Kyoya Ootori ń ta ọgbọ́n àti ojú tí kì í rẹ́rìn-ín, òun náà ló ń ṣírò owó. Àwọn ìbejì, Hikaru àti Kaoru, ń ta ohun tí n kò ní sọ púpọ̀ lé lórí lónìí, torí ẹjọ́ tìyẹn náà tó kọ ìwé kan. Honey, tó kéré lójú bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, tó sì dàgbà ju gbogbo wọn lọ àfi Mori, ń jẹ kéèkì. Mori ò ń sọ̀rọ̀.

Apá kìíní fi gílóòbù iná ṣàpẹẹrẹ bí ọ̀rọ̀ Haruhi ṣe ń yé wọn. Bí ẹnì kan bá ti mọ̀ pé obìnrin ni, gílóòbù tirẹ̀ á tàn. Ti Tamaki ló tàn kẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí àṣírí tú tán, Haruhi ò tijú, kò sì bínú. Ó ní kò jẹ òun lógún bóyá wọ́n pe òun lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, irú ẹni tí èèyàn jẹ́ nínú lọ́hùn-ún ni òun ń wò. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn pa mọ́ sápò. Òun ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń bá Tamaki jà máa ń mú jáde.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ sí Okinawa

Wọ́n kó ara wọn lọ sí etíkun ìdílé Kyoya ní Okinawa, ní Jàpáànù kan náà. Ẹnì kan bèèrè ìdí tí kò fi jẹ́ òkè òkun gan-an ni wọ́n lọ, ni wọ́n bá ní ṣé mẹ̀kúnnù bíi Haruhi ló máa ní ìwé ìrìnnà ni. Irú àwàdà yẹn ló kún inú eré náà. Kì í ṣe ìsinmi lásán ni wọ́n bá lọ o. Àwọn oníbàárà wọn wà níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tò lẹ́sẹẹsẹ láti jókòó ti Tamaki lójú omi. Ẹni tó bá ń wo apá yìí kó máa rántí pé ẹnu iṣẹ́ ni gbogbo wọn wà, àti Haruhi náà.

Àwọn ìbejì dá eré sílẹ̀: ẹni tó bá rí ohun tí Haruhi ń bẹ̀rù ló máa gba àwòrán tó yà nígbà tó ṣì wà ní ilé ìwé girama kékeré. Wọ́n pa ìtàn iwin fún un nínú ihò àpáta, kò mì. Wọ́n gbìyànjú òkùnkùn, kò mì. Ọmọ yìí ò bẹ̀rù nǹkan kan, ó jọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn géńdé àdúgbò kan wá yọ sí àwọn ọmọbìnrin tó wà lórí àpáta. Ẹ̀yin náà mọ irú wọn. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn bá wọn ṣeré, àwọn ọmọ yẹn ò fẹ́, wọn ò sì fi wọ́n sílẹ̀. Haruhi nìkan ló wà nítòsí. Ó gbé korobá ẹ̀dá òkun ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ti ń ṣà látàárọ̀, ó dà á lé ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n fi àwọn ọmọbìnrin náà sílẹ̀. Ọkùnrin yẹn ló sọ ọ́ sómi.

Tamaki gbé e jáde. Ó bèèrè ibi tí àwọn ọkùnrin náà wọlẹ̀ sí, Kyoya ní òun ti gba káàdì ìdánimọ̀ wọn, òun sì ti fi ọ̀wọ̀ ní kí wọ́n máa lọ. Ìyẹn nìkan ni ìyà tí a rí tó jẹ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Tamaki kọjú sí Haruhi. Kí ló rò pé òun ń ṣe? Ṣé ó mọ ìjà bíi Honey àti Mori ni? Ṣé ó rò pé ọmọbìnrin kan lè dá kojú ọ̀pọ̀ ọkùnrin? Haruhi ní ti obìnrin tàbí ọkùnrin kọ́ nìyẹn, òun ló wà níbẹ̀, kò sì sí àyè àtirò. Tamaki wá la ohùn mọ́lẹ̀, ó pè é ní òmùgọ̀, ó ní kó rántí pé obìnrin ni òun.

Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti dá fídíò náà dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ju èèyàn sómi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti bá òun wí tán ni?"

Mi ò rí nǹkan sọ.

Alẹ́ lẹ́. Bàbá Haruhi ti pààrọ̀ ẹrù rẹ̀ nílé láìjẹ́ kó mọ̀, aṣọ obìnrin aláwọ̀ osùn ló bá nínú báàgì, òun ló wọ̀ wá jẹun. Alákàn ni oúnjẹ. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì, Haruhi sì ń fọ́ ẹsẹ̀ alákàn, gbà, gbà, gbà, ó ń jẹ, ó tún ń fọ́ òmíràn. Tamaki ò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mori bi í bóyá kí òun kọ́ ọ ní ìjà. Haruhi ní bóyá lóòótọ́ ló yẹ kí òun kọ́ bí èèyàn ṣe ń gba ara rẹ̀, ni àwọn ìbejì bá ní kì í ṣe ohun tí àwọn ń sọ nìyẹn. Ó ní òun ò kúkú kó wàhálà bá ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kì í ṣe ìyẹn náà, ẹ̀rù ló ba àwọn. Honey ló fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ó yẹ kó bẹ̀bẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ Tamaki, torí òun ni àyà rẹ̀ já jù. Haruhi bẹ̀bẹ̀. Kò pẹ́ sí i, alákàn dá a padà, ó sáré wá ibi tó máa bì sí.

Yàrá Kyoya ló bọ́ sí. Kyoya jáde látinú ìwẹ̀, ó ní òun ti fi òdòdó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọbìnrin tó wà lórí àpáta láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, ó sì dárúkọ iye tó ná òun. Haruhi ní òun á san án. Kyoya pa iná, ó tì í sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kó fi ara san án. Haruhi wo ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó ní senpai (bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n nílé ìwé) ò ní ṣe é, torí kò sí èrè tó máa jẹ níbẹ̀.

Kyoya rẹ́rìn-ín. Haruhi sọ pé ó ti yé òun, pé ṣe ni Kyoya ń ṣe bí ìkà kó lè fi ohun tí Tamaki ń sọ yé òun. Tamaki já wọlé lójijì, ó ń wá ìpara nítorí oòrùn ti jó o lára, ó sì bá ohun tí ojú rẹ̀ ò lè gbé.

Ohun tí àwa òǹwòran ń jà lé lórí

Àwọn tó wà lẹ́yìn Tamaki ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn ò sì nílò rẹ̀. Ọmọ náà lè kú. Àpáta ga, omi jìn, àwọn ọkùnrin yẹn pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn á bínú bó bá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, ìbínú yẹn gan-an ni ìfẹ́. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ní ìyá òun ò tíì na òun rí bí ọjọ́ tí òun fi sáré la títì kọjá, tí mọ́tò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá òun. Ta ni ò mọ irú ẹgba yẹn?

Àwọn tó wà lẹ́yìn Haruhi á wá ní, ó dáa, ṣé nítorí pé obìnrin ni ìyá yẹn ṣe nà á? Wọ́n á fa apá kìíní yọ. Eré tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin tàbí obìnrin ò jẹ òun lógún, kí ló dé tó wá di pé wọ́n ń kígbe obìnrin mọ́ ọn létí nígbà tó kọ́kọ́ ṣe ohun tó gbà gbọ́? Wọ́n ní ẹ̀tàn ni. Wọ́n ní wọ́n fi sòkòtò tàn wá wọlé, wọ́n wá fi aṣọ aláwọ̀ osùn lé wa jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, mo sì gbà pé òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ó sáré jù. Takuya Igarashi ló darí ánímé yìí ní ilé iṣẹ́ Bones, Yōji Enokido ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kó tó di pé Enokido dé ibí, ó ti wà lára àwọn tó kọ Revolutionary Girl Utena lọ́dún 1997, ìtàn ọmọbìnrin tó fẹ́ fúnra rẹ̀ di ọmọ ọba agbanilà. Ẹni tó ti bá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà kò ní ṣèèṣì kọ kí ọkùnrin máa pariwo mọ́ obìnrin létíkun.

Ti yàrá Kyoya ló le jù. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa eré náà tì, n kò sì bá wọn jà. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹ̀kọ́ nínú kí ọkùnrin ti ọmọbìnrin sórí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn. Bó ti wù kó mọ̀ pé eré ni òun ń ṣe, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò mọ̀. Àwọn mìíràn ní ibẹ̀ gan-an ni àwọn ti wá fẹ́ràn Haruhi délẹ̀, torí òun nìkan ló mọ Kyoya ju bí Kyoya ṣe rò lọ. Ẹ fetí sí ohùn Maaya Sakamoto tó sọ ọ̀rọ̀ náà lédè Japaníìsì. Pẹrẹsẹ ni, bí ẹni ń ka owó ọjà fún oníbàárà. Caitlin Glass, tó ṣe Haruhi ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ti Amẹ́ríkà jáde lọ́dún 2008, náà kò gbé ohùn sókè. Bí ó bá jẹ́ pé ó sunkún, ẹ̀kọ́ Kyoya ì bá jẹ́ ẹ̀kọ́. Kò sunkún, ẹ̀kọ́ náà sì bọ́ sílẹ̀ bọ́ọ̀. Ohun tí Kyoya fẹ́ fi hàn ni pé agbára ọkùnrin ju ti obìnrin lọ. Ohun tí a rí ni pé ọmọbìnrin náà fi òye ṣẹ́gun rẹ̀ láì gbé ọwọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan wà tí wọ́n ní àwàdà ni, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, tí n kì í sábà gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ni pé senpai ni Haruhi ń pe Tamaki. Ẹ̀gbọ́n ni. Kíláàsì kejì ni Tamaki wà, Haruhi wà ní kìíní. Etí Yorùbá gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ tí kò lè ṣàì gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ń bá àbúrò wí, àbúrò ní òun ò jẹ̀bi, lójú ayé. Lọ́dọ̀ wa, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, ẹni tó fún ẹ̀gbọ́n lésì ti jẹ̀bi kí wọ́n tó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rò pé ìdí tí mo fi wà lẹ́yìn Tamaki nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mi ò tíì gbọ́ ẹjọ́ rárá tí mo ti dá a. Tamaki fúnra rẹ̀ sì kọjá ẹ̀gbọ́n, bàbá ló ń pe ara rẹ̀, ó ní Kyoya ni ìyá ilé. Ọmọ tó ní bàbá nílé, bàbá tó ń wọ aṣọ obìnrin lọ ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ọtí kó lè tọ́ ọ, ni ẹlòmíràn tún fẹ́ di bàbá fún.

Ẹ̀sùn méjì tí wọ́n dì pọ̀

Nígbà kẹta tí mo wò ó, mo pín ìwé mi sí méjì. Apá kan, mo kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n sọ pé "o ò pè wá" tàbí ohun tó jọ ọ́. Apá kejì, gbogbo ìgbà tí wọ́n sọ pé "obìnrin ni ọ́". Nígbà tí mo ṣe tán, ó yà mí lẹ́nu bí ìlà ṣe tọ́ tó.

Létíkun, apá kejì ló kún. Nídìí tábìlì, ó ṣófo. Àwọn ìbejì, Honey, Mori, kò sí ẹni tó dárúkọ obìnrin nínú wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ̀rù ba àwọn. Haruhi ò sì gbọ́, torí òṣùwọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ní Jàpáànù, láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ pé kó má di ìnira sí ẹlòmíràn lọ́rùn, meiwaku ni wọ́n ń pè é. Haruhi wọn ara rẹ̀, ó rí i pé òun ò di ìnira fún ẹnikẹ́ni, ó gbà pé ìwé òun mọ́. Pé èèyàn lè má dá ẹnikẹ́ni lágara, kó sì tún já ọ̀pọ̀ èèyàn láyà, kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Ta ni ì bá kọ́ ọ? Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ lọ́yà, ti kú nígbà tó wà ní kékeré. Bàbá ń lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́. Òun nìkan ló ń dáná, òun nìkan ló ń ṣọ́lé. Lọ́yà ni òun náà fẹ́ dà, bó ṣe ro ẹjọ́ ara rẹ̀ létíkun sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀sùn "o ò pè wá" dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà wà létíkun kan náà, méjì nínú wọn mọ ìjà débi pé ẹ̀rù wọn ń ba èèyàn. Ohùn rara kan ṣoṣo ì bá mú wọn débẹ̀. Ẹ̀sùn "obìnrin ni ọ́" ni kò lẹ́sẹ̀. Ká ní Kaoru, tí òun náà ò sanra ju igi ìgbálẹ̀ lọ, ló gun àpáta yẹn pẹ̀lú korobá, wọ́n á bá a wí, àmọ́ ta ni máa sọ fún un pé ọkùnrin ni ọ́? Haruhi wà lẹ́nu iṣẹ́. Oníbàárà ẹgbẹ́ ni àwọn ọmọ tí wọ́n ń yọ lẹ́nu. Bí iṣẹ́ host bá jẹ́ kí obìnrin tó wá sọ́dọ̀ wọn lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀, òun nìkan ló ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tí olórí ẹgbẹ́ wà lábẹ́ agbòòrùn.

Ibi tí Tamaki ti ṣìnà gan-an ni pé ẹ̀sùn tó tọ́ wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló mú èyí tí kò tọ́ jáde. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá já kì í sábà rí ọ̀rọ̀ tó yẹ ṣà. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ eré náà mọ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà.

Kyoya jáde nínú yàrá, ó ku àwọn méjèèjì. Ààrá sán. Haruhi, tí kò bẹ̀rù iwin, tí kò bẹ̀rù òkùnkùn, tí kò bẹ̀rù ọkùnrin tó tì í sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn ti ń wá látàárọ̀ nìyẹn. Tamaki dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó yé e lójú kan náà pé bó ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn, ní gbogbo òru tí òjò ń rọ̀ tí bàbá ò sí nílé. Ó sì sọ ọ́: pé Haruhi ti dá nìkan la gbogbo rẹ̀ kọjá débi pé kò mọ bí èèyàn ṣe ń sá tọ ẹlòmíràn. Ó gbá a mọ́ra.

Mo wo ìwé mi. Apá kìíní ni gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ obìnrin mọ́. Wọ́n ti gba ẹ̀sùn kejì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìpariwo, kò sì sí ẹni tó ní kó tọrọ àforíjì fún un. Ibi tí mo ti ń bá àwọn òǹkọ̀wé jà nìyẹn. Haruhi bẹ̀bẹ̀ nídìí tábìlì, a rí i, a gbọ́ ọ. Tamaki ò sọ lẹ́ẹ̀kan pé ohun tí òun sọ létíkun kò dáa. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n fi àwàdà bò ó. Ó di aṣọ mọ́ ọn lójú, ó fi nǹkan dí i létí, kó má baà rí mànàmáná, kó má baà gbọ́ ààrá. Àwọn yòókù wọlé, wọ́n bá ọmọbìnrin tí wọ́n di lójú lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú olórí wọn, wọ́n sì rò ó sí ibi tí ẹ̀yin náà máa rò ó sí. Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín yẹn náà ló gbé ẹ̀bẹ̀ Tamaki lọ.

Apá 26 ni ánímé náà ní, September 2006 ló parí, nígbà tí ìwé Hatori ṣì ń lọ. Nínú apá tó kẹ́yìn, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ni Haruhi ń wà lé mọ́tò tó ń gbé Tamaki lọ. Ó na ọwọ́ sí i, ó pè é. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó pe èèyàn. Ọkọ̀ náà gbọ̀n ọ́n dànù lórí afárá, Tamaki sì bẹ́ tẹ̀lé e sínú omi lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n dúró nínú odò náà, aṣọ wọn tutù rinrin, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni wí.

Mo fi ìyẹn han àbúrò mi, mo ní ṣé o rí i báyìí, Tamaki ti kọ́gbọ́n. Ó ní òun rí i. Ó ní àmọ́ àwọn ọmọbìnrin orí àpáta yẹn, yàtọ̀ sí òdòdó tí Kyoya fi ránṣẹ́, ṣé ẹnì kan tiẹ̀ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rò nípa ẹni tó da korobá?